Wọ́n Yin Bàbá Bí Ẹni Yin Òkú

Coventry,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹsàn-án, 2025

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ara. Aneesah kí yín. Ó ń mu ọmú lọ́wọ́ bí mo ṣe ń tẹ èyí, ọwọ́ kan ni mo sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́, òun ni kẹ́ ẹ bá wí. Taoheed náà kí yín, ó ti lọ síbi iṣẹ́.

Mi ò pè yín nítorí pé tí mo bá pè, àdúrà lẹ máa fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo máa ní, "Màmá, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan," ẹ̀yin á ní, "Ọlọ́run á wo ọmọ náà fún wa," títí fóònù á fi kú. Èyí, kíkà ni kẹ́ ẹ kà á. Kẹ́ ẹ sì kọ èsì rẹ̀ fún mi.

Lánàá, Ọlọ́runfúnmi, ọ̀rẹ́ mi ará Ìwáyà tá a jọ ṣe sẹ́kọ́ńdírì, fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi. Ojú ewé kan gbáko ni, láti inú ìwé ìròyìn Ọ̀yẹ̀là níbi tí Bàbá ti ń ṣiṣẹ́. Fọ́tò Bàbá ló wà láàárín, èyí tí wọ́n yà fún káàdì ibi iṣẹ́ nígbà tí irun wọn ṣì dúdú. Ìlà dúdú tó nípọn yí i ká. Wọ́n kọ ọ́ sókè pé, "Alàgbà Yẹ̀kínnì, Akọni Ìdí Ẹ̀rọ." Nísàlẹ̀, wọ́n ní, "Ọdún méjìdínlógójì ló fi tẹ ìwé ìròyìn tí gbogbo wa ń kà. A kò rí i, iṣẹ́ rẹ̀ ni a rí. Ọ̀yẹ̀là kò ní gbàgbé rẹ láéláé."

Ọlọ́runfúnmi wá kọ tirẹ̀ sábẹ́ ẹ̀: "Jameelah, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Màmá, kí ló dé tí wọ́n fi ń tù mí nínú?

Ẹ má sọ fún mi pé wọ́n kàn ń yìn wọ́n ni. Láti kékeré ni mo ti ń gbé oúnjẹ lọ fún Bàbá nílé ìtẹ̀wé yẹn ní Ìdí-Orò. Mo mọ ibẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn ló ń jókòó níwájú lábẹ́ fáànù, orúkọ wọn ló sì ń wà lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Bàbá wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀rọ, nínú ariwo, pẹ̀lú íǹkì nínú èékánná. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ti jẹun?" Ta ló wá rántí wọn lójijì? Ẹni tẹ́nikẹ́ni ò yìn láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀, tí wọ́n bá wá ń yìn ín lójú ewé gbáko pẹ̀lú ìlà dúdú, gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí Bàbá pè mí. Àwọn fúnra wọn. Lónìí.

Ọmọ yín,
Jameelah


Mushin,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án, 2025

Ìyá Aneesah, ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé omi ọmú ń wá dáadáa? Ògì gbígbóná ni kó o máa mu, kó o sì máa di ẹ̀yìn rẹ dáadáa, òtútù ibẹ̀ yẹn ò mọ abiyamọ.

Mo ka ohun tó o kọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún bínú. Bàbá rẹ wà láàyè. Wọ́n jẹ ẹ̀bà lánàá, wọ́n ní ọbẹ̀ ò níyọ̀. Òkú kì í wá iyọ̀.

Gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ọ̀gá tuntun kan ló dé sí Ọ̀yẹ̀là. Ó ní ìwà àìmoore ni kí ìwé ìròyìn máa yin gbogbo ayé kó má yin àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé: ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń dì í, obìnrin tó ń gbá ibẹ̀. Ó ní lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn á máa yin ẹnì kan. Bàbá rẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ọláníkẹ́ ló ń to ojú ewé jọ lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kó ṣe ojú ewé ìyìn. Ọmọ náà ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òkú nìkan ni wọ́n máa ń fi fọ́tò rẹ̀ sí ojú ewé kan gbáko. Èyí tó wà nílẹ̀ ló fà yọ, ó yọ fọ́tò olóògbé kan kúrò, ó fi ti bàbá rẹ sí i. Ọ̀gá rẹ̀ ka ọ̀rọ̀, kò wo ìlà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń yin alààyè.

Àwa náà rí nǹkan nílé yìí. Ìyá Ṣùbòmí tó ń ta ọṣẹ níwájú ilé wa sunkún wọlé, ó ní, "Ìyá Jameelah, ikú ṣèkà!" Bàbá rẹ ló yọ sí i láti yàrá, kẹ́tùlù àlùwàlá lọ́wọ́ wọn. Obìnrin náà sá débi pé bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló kù sílẹ̀. Títí di òní kò tíì wá mú un.

Fóònù bàbá rẹ ti bàjẹ́, tèmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn. Tó bá dáa tán, wọ́n á pè ẹ́. Fi fọ́tò Aneesah míì ránṣẹ́, kó tóbi, kí ojú rẹ̀ hàn. Bàbá rẹ kì í yéé wo ti tẹ́lẹ̀.

Fi ọkàn balẹ̀. Ìbànújẹ́ ò dáa fún ọmú.

Èmi ni ìyá rẹ


Coventry,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹsàn-án, 2025

Màmá mi,

Ẹ káàárọ̀. Ẹ ṣé fún èsì. Mi ò gbà á gbọ́.

Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ọmọ kì í bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ yín dáadáa. Ẹ ní fóònù Bàbá bàjẹ́, tiyín náà ò gbọ́ràn. Fóònù wo lẹ wá fi kọ lẹ́tà gígùn sí mi? Ẹ ní ọmọ kan ló ṣàṣìṣe. Ó dáa. Ta ló tẹ̀ ẹ́? Ṣé kì í ṣe Bàbá ló ń tẹ Ọ̀yẹ̀là ni? Wọ́n á dúró nídìí ẹ̀rọ, wọ́n á máa wo fọ́tò ara wọn nínú ìlà òkú tó ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì ní pariwo? Bàbá mi tó jẹ́ pé tí íǹkì bá fọ́n sí etí bébà lásán, wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró? Ẹlòmíì ló tẹ̀ ẹ́, Màmá. Ẹlòmíì ló tẹ̀ ẹ́ nítorí pé Bàbá ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ rántí Àǹtí Lubabah. Jẹ́dà ni wọ́n wà nígbà tí ìyá wọn kú. Gbogbo ẹbí ló fẹnu kò pé kẹ́nikẹ́ni má sọ fún wọn, kí wọ́n má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá pè, ẹ̀yin àgbà á ní Ìyá ń sùn, Ìyá lọ kí aláìsàn, Ìyá wà ní mọ́sálásí. Ọjọ́ tí wọ́n dé, wọ́n ti gbé aṣọ tí wọ́n rà fún ìyá wọn lé èjìká láti ẹnu géètì, wọ́n ń pè é bí wọ́n ṣe ń wọlé. Mo wà níbẹ̀. Mo rí ojú wọn.

Èmi náà rèé ní òkè òkun, mo sì tún jẹ́ abiyamọ. Ṣé ẹni tí wọ́n máa sọ fún rèé?

Ọlọ́runfúnmi ní òun gba Ojúwòyè kọjá, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín wà ní títì pa. Wọ́n sọ fún un níbẹ̀ pé ẹ ò jáde mọ́, pé ilé lẹ máa ń wà. Obìnrin wo ló ń jókòó sílé tí kì í jáde, Màmá? Opó ni.

Ẹ fi fídíò Bàbá ránṣẹ́ sí mi, kí wọ́n pe orúkọ Aneesah nínú rẹ̀. Kò gba nǹkan kan ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mi ò sùn mọ́. Tí ọmọ yìí bá tiẹ̀ sùn, èmi máa la ojú sílẹ̀ máa wo àjà.

Jameelah


Mushin,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án, 2025

Jameelah,

Mi ò tètè dáhùn nítorí pé inú bí mi. O pè mí ní opó! Kí ojú mi má rí i, kí etí mi má gbọ́ ọ. Ọkọ mi jókòó sínú yàrá, ọmọ tí mo fi ọmú mi tọ́ jókòó sí òkè òkun, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ de ìborùn ọ̀fọ̀ lé mi lórí.

Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí tí mi ò fi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ṣé ó di ẹ̀sùn?

Fídíò tó o wí, bàbá rẹ ò gbà. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá ti ní rárá, rárá náà ni. Mo yọ́ ya fọ́tò wọn lórí àga nígbà tí oorun gbé wọn lọ. Mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí. Wò ó, kó o fọkàn balẹ̀.

Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, màá pè ẹ́, màá sì fún wọn ní fóònù. Má bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ́. Kí wọn, kó o gbọ́ ohùn wọn, kó parí. Má béèrè ìbéèrè ọlọ́pàá lọ́wọ́ wọn.

Ìyá rẹ


Coventry,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹsàn-án, 2025

Màmá mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín lónìí. Ẹ kú iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ ni màá kọ́kọ́ sọ. Ojú wọn padé. Ẹnu wọn là díẹ̀. Orí wọn ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nínú gbogbo fọ́tò tí èèyàn lè yà fi hàn pé ẹnì kan wà láàyè, ẹni tó dijú lẹ wá rí.

Ìpè ọjọ́ Jímọ̀ wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe lọ, bóyá tí ẹ̀yin náà bá kà á, ojú á tì yín.

Mo ní, "Bàbá, ẹ káàsán, sà."

Ohùn yẹn ní, "Àmín! Àmín!"

"Bàbá, èmi ni. Jameelah ni."

"Àmín o! Àmín, láṣẹ Ọlọ́run."

"Bàbá, ṣé ara yín ò yá ni?"

"Àmín, àmín! Ìwọ náà á rí ṣe!"

Mo wá ní, "Ta lẹ jẹ́, ẹ jọ̀ọ́?"

"Àmín!"

Lẹ́yìn náà ló pariwo pé, "Aneesah ńkọ́? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ kú ìtọ́jú o," mo sì gbọ́ tí ẹ gba fóònù.

Màmá, ta lẹ fún ní fóònù yẹn? Ṣé Bàbá Kékeré ni? Gbogbo wa la mọ̀ pé ohùn Bàbá Kékeré Abdulfatai àti ti Bàbá ò yàtọ̀. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí Bàbá Kékeré bá sálámà lẹ́nu ọ̀nà, a máa sáré pa tẹlifíṣọ̀n, a máa rò pé Bàbá ló dé. Ẹ kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ, ẹ̀rù wá bà wọ́n láti dáhùn ìbéèrè, ni wọ́n bá ń fi àmín bo ara wọn.

Mo ń bọ̀ wálé.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìwé ìgbélùú èmi àti Taoheed ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba ibí, wọn ò tíì dá a lóhùn. Lọ́yà wa ní ẹni tó bá jáde nílùú kí èsì tó dé, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìwé rẹ̀ ya nìyẹn. Aneesah náà ò tíì ní ìwé ìrìnnà, torí náà mo máa fi í sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ọmọ ọmú. Mo sì lè má padà wọlé wá bá a. Taoheed ní, "Ṣé o fẹ́ tú ilé wa ká nítorí fọ́tò inú ìwé ìròyìn?" Mo ní, "Kì í ṣe nítorí fọ́tò, nítorí bàbá mi ni." A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ láti àná. Ó kàn gbé tíì síwájú mi, ó kọjá.

Tí ẹ bá fẹ́ kí n dúró, ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Mi ò ní kú. Ọmú ò ní gbẹ. Ohun tí mi ò mọ̀ yìí ló ń pa mí.

Jameelah


Coventry,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án, 2025

Màmá,

Èsì ò dé. Mo pè, ẹ ò gbé e. Mo rí i pé ẹ ti ka lẹ́tà mi, àmì rẹ̀ hàn níbí.

Mọ́ńdè ni mo máa ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti ń kọ́ Aneesah ní ìgò, ó ń tu ú dà nù.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ sọ ibi tí ẹ sin wọ́n sí fún mi. Ṣé itẹ́ òkú Àtàn ni, àbí ẹ gbé wọn lọ sílùú wọn? Kí n lè mọ ibi tí mo máa kọ́kọ́ yà sí láti pápákọ̀ òfurufú. Mi ò fẹ́ máa pè wọ́n láti ẹnu géètì bíi ti Àǹtí Lubabah.

Jameelah


Mushin,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án, 2025

Ọmọ mi,

Má ra tíkẹ́ẹ̀tì. Má já ọmú lẹ́nu ọmọ. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́tà rẹ ti tẹ́lẹ̀, mi ò fi han bàbá rẹ. Mo ń wá ohun tí màá sọ, mi ò rí i. Ti àná ni mo gbé sí wọn lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Wọ́n kà á tán, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Sìmíátù, o fi mí ṣòkú." Mo fi ọwọ́ ṣàlàyé fún wọn pé àwọn ló ní kí n má sọ. Wọ́n ní kí n wá bébà àti bírò.

Ohun tí wọ́n kọ rèé. Mo yà á ní fọ́tò, mo sì fi ránṣẹ́. Mi ò fi ohun kankan kún un.

Ìyá rẹ


Mushin,
Ọjọ́ Àìkú

Jameelah,

Èmi Yẹ̀kínnì ni mò ń kọ èyí, ìwọ náà sì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ.

Mi ò kú. Etí mi ló kú.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ti òsì ló kọ́kọ́ lọ, o ṣì wà nílé nígbà yẹn, mo kàn máa ń yí ọ̀tún sí yín ni. Nígbà ààwẹ̀ tó kọjá ni ti ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí sílẹ̀. Wọ́n á pe ìrun, èmi á ṣì jókòó, ìyá rẹ ló ń wá fọwọ́ kàn mí. Ọjọ́ tó o bí Aneesah, mo ti di adití pátápátá. Ìyá rẹ gbé fóònù sétí, ó kígbe, ó fò sókè, omi dà lójú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo rí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé ìrọbí ló mú ẹ lọ. Mo di ògiri mú. Ó ti ń jó kí ó tó rántí pé mi ò gbọ́, ló wá ká ọwọ́ méjèèjì jọ bí ẹni gbé ọmọ, ó ń mì ín. Mo jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tó o rò nípa mi, èmi náà ti rò ó nípa rẹ rí. Mi ò bá ẹ jà.

Èmi ni mo ní kí ìyá rẹ má sọ. O ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo sì ń bẹ̀rù kí ó dé ọ́fíìsì. Nídìí ẹ̀rọ, etí la fi ń ṣiṣẹ́. Tí bébà bá fẹ́ já, ohùn ẹ̀rọ á yí padà kí ó tó já. Ní báyìí, ọwọ́ ni mo ń gbé lé e lára láti mọ̀. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wọn ti di adití, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n dúró tì í?

Nítorí mi ni ìyá rẹ ṣe ti ṣọ́ọ̀bù pa, kò sí ohun tó ṣe é lẹ́sẹ̀, fóònù mi náà ò sì bàjẹ́. Lọ́sàn-án gangan, mo ń ka ìwé ní pálọ̀, olè wọlé, ó gbé fáànù ńlá kọjá lẹ́yìn mi. Mo rò pé atẹ́gùn ló dín kù. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ mi.

O béèrè ẹni tó tẹ ojú ewé yẹn. Èmi ni. Bébà àkọ́kọ́ jáde, mo gbé e sábẹ́ iná, mo rí ìlà dúdú náà. Ta ló máa mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Mo ti tẹ̀ ẹ́ fún òkú tí mi ò lè ka iye wọn. Mo na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ. Mo wá rò ó wò. Tí mo bá dá a dúró, wọ́n á ní ká yọ ọ́, ká fi ìpolówó ọṣẹ dí àyè rẹ̀, nítorí ilẹ̀ ti ṣú, ọmọ tó ń to ojú ewé sì ti lọ sílé. Ta ló mọ̀ bóyá wọ́n á tún rántí? Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ mi máa gba ara ẹ̀rọ tí mò ń bójú tó kọjá. Mo ní, jẹ́ kí ó máa lọ. Mo tẹ gbogbo rẹ̀. Íǹkì rẹ̀ dúdú dáadáa, ó mọ́, kò fọ́n.

Mi ò mọ̀ pé yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.

Ní ti àmín, ìyá rẹ gbé fóònù fún mi. Mo rò pé ọmọ tó pe bàbá rẹ̀ láti òkè òkun lọ́jọ́ Jímọ̀, àdúrà ni yóò máa ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àmín. Abdulfatai wà nílé rẹ̀ ní Ìtìrè, kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Fídíò ni mi ò gbà, nítorí pé màá rí ẹnu rẹ tí yóò máa mì, mi ò ní mọ ohun tí màá sọ.

Ohùn rẹ tí mo gbọ́ kẹ́yìn, mo rántí rẹ̀. O ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Màmá mi ní fóònù." Mo sì fún un. Kò burú. Bí gbogbo ọmọ ṣe ń ṣe nìyẹn.

Má wá. Dúró ti ọkọ rẹ, kí o sì fún ọmọ lọ́mú. Lọ́la, èmi fúnra mi yóò sọ fún ọ̀gá ohun tó ṣe etí mi. Ní ọjọ́ Túsìdé, pè mí ní fídíò. Mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Tí Aneesah bá ń ké, má rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nítorí mi. Nínú gbogbo Mushin, èmi nìkan ni bàbá tí ẹkún rẹ̀ kò lè dí lọ́wọ́.

Bàbá rẹ,
Yẹ̀kínnì


Coventry,
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, 2025

Bàbá mi,

Ẹ káàárọ̀, sà. Mo kúnlẹ̀.

Ẹ dárí jì mí fún ohun tí mo ṣe lánàá. Kí n tó kí yín pàápàá, mo ti ń fọwọ́ júwe pé kẹ́ ẹ dìde, kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, kẹ́ ẹ yí ẹ̀yìn sí mi, bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá mú olè. Ẹ sì ń ṣe gbogbo rẹ̀ láìjanpata. Ọkàn mi ti lọ jìnnà, Bàbá. Kò kọ́kọ́ gbà á pé ẹ̀yin ni. Ìgbà tí mo gbé páálí sókè, tí mo ti kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé "ẸNI TÓ GBÉ FÁÀNÙ NÁÀ, ṢÉ Ó KÍ YÍN?", tí ẹ rẹ́rìn-ín tí eyín yín tó kán níwájú fi hàn, ìgbà náà ni mo gbà pé ẹ̀yin ni, mo sì fi páálí náà bojú. Taoheed ló gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Mi ò ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Aneesah ti padà sídìí ọmú, ó ń mu ún bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Èmi àti ọkọ mi ti ń sọ̀rọ̀.

Ohun tí ẹ kọ sórí bébà fún mi pé ọ̀gá yín wí, mo kà á. Pé òun ò ní lé yín, pé kẹ́ ẹ wá ọmọ kan tí ẹ máa fi iṣẹ́ náà hàn, àti pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á tún ojú ewé náà tẹ̀ láìsí ìlà dúdú. Ó dáa. Ṣùgbọ́n èmi ṣì ń fura sí i, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ẹ̀rọ wọn ló jẹ etí yín. Ojú ewé ò lè wo etí. Kí ẹ tó kọ́ ọmọ kankan níṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ mú Bàbá Kékeré dání lọ. Kí ọmọ tí ẹ máa kọ́ náà fi nǹkan dí etí tirẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kó máa ṣe akin.

Mo fẹ́ béèrè ọ̀pọ̀ nǹkan lọ́wọ́ yín. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, mi ò mọ oúnjẹ tí ẹ fẹ́ràn jù. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ yín níṣẹ́ ẹ̀rọ. Mi ò mọ ohun tí ẹ máa ń rò nínú ariwo yẹn láti alẹ́ títí di àárọ̀ tí ẹ bá ń tẹ̀wé. Ẹ kọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀, bí ọwọ́ yín bá ṣe dilẹ̀. Èmi náà á máa kọ. Tí Aneesah bá sùn, màá kọ. Tí kò bá sùn, màá fi ọwọ́ kan kọ.

Bàbá, tiyín ni lẹ́tà yìí. Ẹ má fún Màmá kà. Tí wọ́n bá béèrè ohun tí mo kọ, ẹ ní mo kí wọn.

Ọmọ yín,
Jameelah